Egbò Inú Wáìnì Kuzman

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta leva ni Stamena Draleva àti Kuzman ọkọ rẹ̀ jẹ Petko Sarandev, ẹni tó ni ilé tí wọ́n ti ń se òdòdó rósì fún òróró lẹ́bàá odò. Láyé ìgbà náà, owó yẹn ra akọ màlúù kan tó lágbára, bàtà òtútù méjì á sì tún jáde lára rẹ̀. Wọn kò fi ra màlúù. Wáìnì funfun tí wọ́n se egbò oògùn sí ni wọ́n fi rà, ìgò kan lẹ́yìn òmíràn. Oko rósì wọn ni wọ́n fi dógò. Bí òdòdó ọdún tó ń bọ̀ bá tán lórí igi tí owó kò pé, oko di ti Sarandev.

Ẹni tó bá gbọ́ pé ènìyàn fi oko dógò nítorí wáìnì á rẹ́rìn-ín, àwọn ará abúlé sì rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Àwa ń fa tiwa látinú àgbá lọ́fẹ̀ẹ́," Dimo alágbẹ̀dẹ wí fún Stamena níbi tí wọ́n ti ń pọn omi, "ìwọ lọ ń ra tìẹ lówó màlúù! Ṣé wúrà ló wà nísàlẹ̀ ìgò ni?"

"Ọkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀," Stamena dá a lóhùn. "Mò ń yọ ọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Dimo gbé korobá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ darandaran ni Stamena, láti abúlé òkè tí yìnyín kì í tètè kúrò. Ọjọ́ tí Kuzman kọ́kọ́ rí i, ó gbé abo àgùntàn kọ́ ọrùn, ó ń gba orí afárá onígi kọjá, kò sì wo ìsàlẹ̀. Kuzman lọ sílé lọ sọ pé òun ti rí ìyàwó. Rusa ìyá rẹ̀ béèrè ohun tí àwọn òbí ọmọ náà máa fún un bọ̀ wá sílé ọkọ. Wọ́n ní aṣọ ìbora méjì àti àgùntàn mẹ́rin. "Àgùntàn mẹ́rin!" Rusa ké. "Ṣé ìyàwó là ń gbé ni àbí ọmọ òrukàn là ń gbà tọ́?" Kuzman ní àgùntàn kẹrin lóyún, nítorí náà márùn-ún ni. Wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó.

Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà ni Kuzman ń kàn. Kẹ̀kẹ́ tó bá kàn kì í ké tó bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, bó ti wù kí ẹrù rẹ̀ pọ̀ tó. Ìyẹn nìkan tó láti bọ́ ènìyàn ní agbègbè wa, níbi tí gbogbo ọ̀nà ti ń sọ̀kalẹ̀.

Ìgbà òtútù kan lẹ́yìn ogun ńlá ni àìsàn tó ń mú ènìyàn sùn wọ abúlé. Kì í ṣe oorun àárẹ̀. Ènìyàn á máa jẹun lọ́wọ́, ṣíbí á dúró sí ẹnu, ojú á pa dé. Àwọn mìíràn sùn títí wọ́n fi gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Kuzman sùn títí igi ṣẹ́rì fi rúwé, ó sì jí. Wọ́n pa ọ̀dọ́ àgùntàn fún ìdúpẹ́, wọ́n pín ẹran rẹ̀ yí àdúgbò ká. Wọn kò mọ̀ pé àrùn náà kàn fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ni, ó ń padà bọ̀ wá gbé e.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún Kuzman bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ra mọ́ ìka ìtọ́kasí, bí ẹni tó ń ka owó ẹyọ tí kò tán. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ ń le. Ó lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kó sì dúró síbẹ̀ bí òpó, kí ẹsẹ̀ kọ̀ láti wọlé, kó kọ̀ láti jáde. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì fajú ro mọ́. Itọ́ ń dà létí ẹnu rẹ̀. Ìgbà mìíràn, ẹyin ojú rẹ̀ á yí sókè, á lẹ̀ mọ́ àjà, kò ní lè fà á wálẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán á fi tutù. Stamena ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gé búrẹ́dì rẹ̀, òun ló ń yí i padà lórí ibùsùn. Èjìká tó fi gbé àgùntàn náà ló fi ń gbé e.

Rusa mọ ohun tó fà á. Ọmọ rẹ̀ sùn lábẹ́ igi wọ́nọ́ọ̀tì ní ọ̀dàn tí àwọn iwin obìnrin ti ń jó lóru, ó fi ẹsẹ̀ tẹ agbo ijó wọn, wọ́n sì dè é. Gbogbo abúlé gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé búrẹ́dì olóyin lọ síbẹ̀. Wọ́n mọ àbẹ́là tó ga tó Kuzman. Wọ́n gbé e lọ sùn nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè. Oyin lówó, ìda lówó, àgùntàn tí wọ́n fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ, ọ̀kan nínú ọmọ àwọn mẹ́rin Stamena ni. Kuzman kò tú.

Ni Stamena bá gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà nílùú. Dókítà náà gbé apá Kuzman sókè, ó ń tẹ̀ ẹ́, apá náà ń wá ní gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀ bí eyín ẹ̀rọ tó ti dógùn-ún.

"Kì í ṣe iwin," ó ní. "Àìsàn oorun yẹn ló jẹ ibì kan nínú ọpọlọ ẹ̀, ibẹ̀ ò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Ibẹ̀ ló ń pàṣẹ fún ara pé kó gbéra. Agbára ẹ̀ wà, ọgbọ́n ẹ̀ pé. Àṣẹ ni kò dé ibi iṣẹ́ mọ́."

"Ṣé ó ń gbọ́ wa báyìí?"

"Gbogbo ẹ̀ ló ń gbọ́."

"Oògùn ńkọ́, dókítà?"

"Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún wọn ní olú ìlú. Ó ń dẹ ara fún wákàtí díẹ̀. Kò sí níbí." Ó fọ ọwọ́. "Igba leva ni owó mi, ìyàwó."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Kuzman sọ̀rọ̀ látinú koríko tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. "Igba leva," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó kéré tán, mi ò tẹ iwin kankan mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń jó."

Dimo ló mú ìròyìn Belcho wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ló tún ń fi ìgò ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Belcho ń gbé ní etí igbó, ó ń ta ewé àti egbò. Àwọn olówó ti ń gbé aláìsàn wọn wá bá a láti ọ̀nà jíjìn. Egbò wèrè ni orúkọ tí àwa ń pe ohun tó ń hú. Èso rẹ̀ dúdú, ó ń dán, àwọn ọmọdé ti jẹ ẹ́ kú. Belcho á gé egbò náà wẹ́wẹ́, á sè é nínú wáìnì funfun, á sẹ́ ẹ sínú ìgò. Àádọ́talérúgba leva ni ìgò kan.

"Bàbá, ẹ bá wa dín in kù," Stamena bẹ̀ ẹ́.

"Mo lè dín egbò kù nínú ẹ̀. Ṣé kí n dín in?"

"Ó tì o."

"Nígbà náà ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì." Ó jókòó síwájú Kuzman, ojú rẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ̀rọ̀. "Ohun yìí, wèrè ni tàbí sàréè fún ẹni tó bá jẹ ẹ́ bó ṣe fẹ́. Ṣíbí kékeré láàárọ̀, ṣíbí kékeré lálẹ́. Ẹ ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu ẹ̀ á fi gbẹ bí eérú, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ẹ má fi kún un torí pé inú yín dùn. Ẹ má dá a dúró torí pé owó tán. Bí owó bá fẹ́ tán, ẹ wá bá mi kó tó tán. Ẹni tó bá já a lójijì, ara ẹ̀ á le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Obìnrin kan nísàlẹ̀ odò, ọkọ ẹ̀ ta ìgò náà kó lè fi mutí. Ọrùn obìnrin yẹn tẹ̀ sẹ́yìn, kò padà wá mọ́."

"Kí ló ń fà á?" Kuzman béèrè.

"Mi ò mọ̀. Mo kàn fojú rí i ni."

Bí wọ́n ṣe jẹ gbèsè Sarandev nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò mú nǹkan wá ju ẹnu gbígbẹ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan, Stamena ń da wàrà, ó gbọ́ tí àga ké lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yíjú, Kuzman ti dìde dúró. Ẹnikẹ́ni kò fà á. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó yí padà, ó sì jókòó. Rusa ké, ó kúnlẹ̀ níwájú àwòrán Màríà.

Egbò náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan níbi oúnjẹ, Kuzman ní, "Stamena, jọ̀ọ́, lé àwọn eku yẹn kúrò lórí tábìlì."

"Eku wo?"

"Àwọn mẹ́ta tó jókòó yí iyọ̀ ká."

Stamena wo iyọ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n jókòó. Wọ́n mà níwà o. Wọ́n ń retí kí àgbà kọ́kọ́ bu oúnjẹ."

Kuzman rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ojú yẹn ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ kan ló kọ́kọ́ gbéra kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì Stamena dín ẹ̀kán díẹ̀ kù nínú ṣíbí, àwọn eku sì lọ.

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, Kuzman ti ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti mú àáké kékeré lọ́wọ́. Sarandev wá fúnra rẹ̀ wá wò ó.

"Wọ́n ní òkú jí lábúlé yìí."

"Òkú kì í san gbèsè, Ọ̀gá Petko," Kuzman wí. "Ó yẹ kí inú yín dùn."

Sarandev rẹ́rìn-ín díẹ̀, oníṣirò ni. Ó ní òun fẹ́ kẹ̀kẹ́ mẹ́rin tí wọn yóò fi kó òdòdó, ẹgbẹ̀rún ó dín ọgọ́rùn-ún leva lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé kí òdòdó tó là, gbèsè ti kú, òun ló wá jẹ Kuzman ní ẹgbẹ̀ta. Wọ́n bọwọ́. Ọwọ́ Kuzman kò gbọ̀n.

Nígbà tí ìgbà òtútù fi ń lọ sópin, kẹ̀kẹ́ méjì ti dúró lábẹ́ ìbòrí, ẹ̀kẹta ti ní ẹsẹ̀. Ìgò ń lọ sílẹ̀ o, owó òmíràn kò sì sí nílé. Stamena bá rí iṣẹ́ ní ilé olówó kan nílùú, ọ̀sẹ̀ kan, kí ó fọ gbogbo kápẹ́ẹ̀tì wọn. Owó iṣẹ́ náà tó ìgò kan géérégé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday tí ààwẹ̀ kù ọ̀la, gbogbo ilé lábúlé ló ń tọrọ àforíjì, ọmọdé lọ́wọ́ àgbà. Kuzman tẹ̀ ba, ẹni tí kò lè tẹ̀ ba tẹ́lẹ̀, ó fi ẹnu ko ọwọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Màmá." "Ọlọ́run ti dárí jì ọ́." Omijé Rusa ń kán sí irun ọmọ rẹ̀. Stamena náà fi ẹnu ko ọwọ́ Rusa. Wọ́n jẹ àkàrà oníwàràkàṣì, wọ́n jẹ ẹyin, wọ́n sùn.

Láàárọ̀, kí Stamena tó gbéra, ó fi ìgò àti ṣíbí han Rusa. "Láàárọ̀ àti lálẹ́, Màmá. Bó ṣe rí yìí gẹ́lẹ́."

"Ṣé mo fọ́jú ni? Mo ń rí ọ lójoojúmọ́. Máa lọ, ìyàwó, ọkọ̀ á fi ọ́ sílẹ̀."

Ohun tí Stamena kò mọ̀ ni ẹ̀jẹ́. Ọjọ́ tí Kuzman kọ́kọ́ dìde ni Rusa ti jẹ́ ẹ: bí ọmọ òun bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti ọmọ náà yóò fi ààwẹ̀ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì, ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ, láìmu, títí wọn ó fi gba ara Olúwa ní Wednesday. Ìyá àgbà àti ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n máa ń gba ààwẹ̀ yẹn lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kì í gbà á. Kò wá sí ọkàn Stamena rárá láti béèrè.

Ẹnu Rusa fúnra rẹ̀ ni Stamena ti gbọ́ ìyókù, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán.

"Màmá, oògùn mi," Kuzman wí ní Monday náà.

"Wáìnì ni, ọmọ mi. Ta ló ń mu wáìnì nínú ààwẹ̀ gbígbẹ? Ọjọ́ mẹ́ta péré."

"Belcho ní—"

"Belcho kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ìgò ló gbé ọ dìde ni àbí Ọlọ́run?"

Kuzman wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró jẹ́ẹ́ lórí tábìlì. Bóyá òun náà fẹ́ kó jẹ́ tòun ni, kó má jẹ́ ti ìgò. Ó lọ sí ilé iṣẹ́, ó sì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ kejì, àtàǹpàkò rẹ̀ ti tún ń ka owó. Ní alẹ́, kò lè tú bọ́tìnnì. Rusa gbàdúrà lórí rẹ̀, ó ní Èṣù ń jà ni, ó kù díẹ̀. Láàárọ̀ Wednesday, nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, Kuzman kò lè dìde. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn, àyà rẹ̀ le bí pákó, ojú rẹ̀ ti lọ sí àjà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba Rusa. Ó sáré gbé ìgò. Kò fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ife ni ó bu, kó lè dí ọjọ́ mẹ́ta náà. Ó ṣí ẹnu ọmọ rẹ̀, ó dà á sí i. Ọ̀fun kò gbà á. Wáìnì gba ọ̀nà èémí lọ.

Saturday ni Stamena dé, ọjọ́ tí wọ́n ń sá eré ẹṣin. Gbogbo abúlé wà lójú títì, wọ́n ti fi òwú pupa di ìrù àwọn ẹṣin. Dimo rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Kò dá àpárá kankan. Ó ṣí fìlà. Stamena wo orí tó ṣí sílẹ̀ yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Kuzman ṣì wà láàyè. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, àyà rẹ̀ ń hó. Rusa wà nílẹ̀ nídìí ibùsùn, kò dìde.

"Mo ti dé," Stamena wí sí etí ọkọ rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ ló ń gbọ́. "Owó ìgò wà lọ́wọ́ mi. Mo ti dé."

Dimo gba ẹṣin lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré, ó gbé Belcho bọ̀ wálé. Belcho tẹ́tí sí àyà Kuzman. "Ọjọ́ mélòó ni kò mu ún?"

"Mẹ́ta, kí n tó da ife kan sí i lẹ́nu," Rusa dáhùn.

Belcho jókòó sí ẹnu ọ̀nà. "À bá ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán méjì. Ó lè gba oṣù kan. Ṣùgbọ́n omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Egbò mi kò dé ibẹ̀."

Síbẹ̀ wọ́n fi aṣọ tó rin kan ètè rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ Sunday ẹyin ojú Kuzman sọ̀kalẹ̀. Ó wo Stamena. Ètè rẹ̀ mì, Stamena sì gbé etí sún mọ́ ọn.

"Kẹ̀kẹ́ kẹta," ó ní. "Irin ẹsẹ̀ ẹ̀... kí Dimo má fi tútù dè é."

"Màá sọ fún un."

Ní Monday ó kú. Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ, wọn kò ní láti na ẹsẹ̀ rẹ̀; ó ti nà fúnra rẹ̀.

Rusa di Belcho mú níbi ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni, àbí? Sọ ọ́ fún mi."

"Màmá, mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún ẹni tó wá rà á. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́ fún gbogbo ilé."

Dimo fi irin de kẹ̀kẹ́ kẹta, gbígbóná, kò sì gba owó. Sarandev gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ó ku ọ̀ọ́dúnrún. Ṣùgbọ́n pósí lówó, àlùfáà lówó, àlìkámà sísè àti wáìnì ìrántí ogójì ọjọ́ lówó, Stamena sì tún yá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹgbẹ̀rin ni Sarandev ka sí i lọ́rùn. Kò dín in kù, kò fi èlé lé e, ó sì sún ọjọ́ oko síwájú. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àánú.

Kí Lẹ́ńtì ọdún kejì tó dé, Stamena lọ bá àlùfáà. Ó ní kí ó sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé oògùn inú wáìnì kì í ṣe ọtí.

"Àwọn èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, Fadá. Ìyá ọkọ mi kò pa ṣọ́ọ̀ṣì yín jẹ rí, kò sì mọ̀ ọ́n."

Àlùfáà sọ ọ́ láti ojú pẹpẹ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí Stamena dúró lọ́ọ̀ọ́kán níwájú rẹ̀, kò jókòó. Dókítà ìlú náà wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti ń fún àwọn aláìsàn tirẹ̀ ní egbò Belcho. Ó fẹ́ gbọ́ bí ara Kuzman ṣe rí ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Stamena sọ fún un, ó ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́ bó ti ń sọ ọ́.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n lè sọ fún ilé mìíràn pé kí wọ́n má dá a dúró."

"Ẹ sọ ọ́ fún ìyá tó wà nínú ilé," Stamena ní. "Kì í ṣe fún ìyàwó nìkan."

Ìgbà òdòdó méjì ni wọ́n fi san gbèsè náà. Rósì ni kí a já kí oòrùn tó mú ìrì kúrò lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró rẹ̀ á ti fò lọ. Rusa ti lé ní àádọ́rin. Kò sí ẹni tó ní kó wá. Ó gbé àpò mọ́ ìbàdí, ó bọ́ sí òdì kejì ebè tí Stamena wà, ó ń já, ẹ̀gún ń ya ọwọ́ rẹ̀, kò sì sinmi ju bí Stamena ti ń sinmi lọ. Nínú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ ẹ̀wà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ iyọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ igi ìdáná. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn mọ́.

Nígbà tí wọ́n wọn àpò ìkẹyìn ní ìgbà òdòdó kejì, Sarandev ka owó, ó yọ tirẹ̀, ó ti leva méjìlá sọ́dọ̀ Stamena lórí tábìlì. "Ó parí," ó ní. "Oko ti di tiyín padà."

Rusa ń dúró níta, lórí òkúta, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ.

"Ó ku mélòó?" ó béèrè.

"Kò ku nǹkan kan."

Rusa gbé ojú sókè sí i.

"Ti Sarandev ni mo ń sọ, Màmá," Stamena wí. Ó tú àpò kúrò ní ìbàdí ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi lé èjìká ara rẹ̀, wọ́n sì kọrí sílé.